Ta Ló Fún Ọ Ní Aṣọ Yìí?

Ọlọ́hun má jẹ́ kí a dákẹ́ níbi tó yẹ kí a ti fọhùn. Mo fi àdúrà yìí ṣíwájú nítorí pé ẹnu kan tí kò là, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ló gba Hameedat Àníkẹ́ lọ́wọ́ Ọládàpọ̀ ọmọ Ògúntádé. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Wọn kò sọ ohun tí ìdákẹ́ ń yọ. Ẹ fi ara balẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọ.

Oṣù kẹta ọdún 1993 ni. Oòrùn Kàdúná mú lọ́jọ́ náà débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ọládàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ń gun máṣíìnì rẹ̀ bọ̀ láti ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Kawo, nígbà tó rí ọmọbìnrin kan tó fi téèpù télọ̀ yí ìdí igi ọ̀gánwó kan ká. Àwọn ọmọ kéékèèké tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní mahaukaciya, èyí tí í ṣe wèrè lédè Haúsá. Ọmọbìnrin náà kò wẹ̀yìn. Ó wo iye tí téèpù pè, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó bọ́ sídìí igi kejì.

Ọládàpọ̀ dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́. Ó fi Haúsá kí i, ó bi í bóyá kò sí nǹkan.

"Haúsá yín wúwo bí ẹrù pákó," ni ọmọbìnrin náà fi Yorùbá dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Ọmọ Yorùbá ni yín."

"Kí ló dé tí o fi ń wọn aṣọ fún igi?"

"Ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ẹ máa gun máṣíìnì yín lọ, wọn kò pè yín."

Ọládàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi pa ẹ́ńjìnì. Ó sọ fún un pé pákó ni bàbá òun ń tà lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà wá gbójú sókè, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní Hameedat lorúkọ òun, òun ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bàbá òun Àbdùlkàrímù ló ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nítòsí gáréèjì Kawo. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kàdúná, inú oṣù kẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Nísinsìnyí, oṣù kẹfà á wọlé, àgbẹ̀ á ṣì máa wo ojú sánmà. Olùkọ́ wọn ti ṣàlàyé fún wọn pé èéfín tí ọmọ aráyé ń tú sókè ti ń mú ayé gbóná, pé aṣálẹ̀ ń rìn bọ̀ láti òkè, àti pé igi ni ògiri tí Ọlọ́hun mọ síwájú rẹ̀. Ìròyìn sì ti kàn án pé wọ́n fẹ́ fẹ títì náà, wọ́n fẹ́ gé gbogbo ọ̀gánwó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ti kà wọ́n. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni.

"Tí o bá kà wọ́n tán ńkọ́?"

"Ẹni tó bá mọ iye ọmọ rẹ̀ ló ń mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù."

Ọládàpọ̀ délé, oúnjẹ tí Àdíját ìyá rẹ̀ gbé kalẹ̀ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó bèèrè bóyá ibà ni. Ó ní oòrùn ni. Kò purọ́ púpọ̀.

Ẹnu ayé kò gbé Hameedat sí ojú kan. Lọ́jà Kawo, á gun orí àpótí, á máa fi Haúsá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ igi. Àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Amaryar Itace, ìyàwó igi. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fun fèrè ọkọ̀, wọ́n á ní kó kí ọkọ rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta tòmátò ní kí wọ́n tètè fún un lọ́kọ tó lẹ́sẹ̀, gbogbo ariwo yẹn á rọlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Matthias tó ń ṣètò lórí rédíò fi ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ni ọ̀rọ̀ bá tún gbèrú: àwọn kan ní òyìnbó ló rán an níṣẹ́, àwọn kan ní ìwé ló kà jù. Nínú ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, alága bi bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èrò bóyá kò mọ ààfáà tó lè gbàdúrà sí ọmọ náà lórí. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ló gbè é lẹ́yìn, ó ní òun kò rántí ìgbà tí odò Kàdúná fà tó báyìí rí. Wọ́n ní kí àgbàlagbà náà jókòó, oúnjẹ ti dé.

Àmọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Ọládàpọ̀ á gbé máṣíìnì rẹ̀ ti ìdí ọ̀gánwó tó tóbi jù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà, níbi tí Hàúwà, opó Haúsá kan, ti ń dín kóósè, àkàrà tiwọn. Hameedat á dé. Hàúwà á gbé àpótí méjì fún wọn, á ní òun kò rí wọn, òun kò gbọ́ wọn, kí wọ́n sáà ra kóósè. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára bí òjò tí ń wọ ilẹ̀, tí a kì í rí ibi tó gbà. Kí ọdún náà tó parí, Hameedat ti fi "Ẹ kú iṣẹ́, Bùọ̀dá" sílẹ̀, ó ti ń pè é ní Dàpọ̀ mi.

Ìyá àgbà ló tọ́ Ọládàpọ̀, oríkì kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí ọmọbìnrin náà ti ń nu epo kóósè kúrò lọ́wọ́, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

"Àníkẹ́ mi, adúmáradán,
Ọmọ tí í fi òjìji ṣe aṣọ ìbora,
Oòrùn rí ọ, oòrùn yà;
Ọ̀dá gbọ́ orúkọ rẹ, ọ̀dá di ẹrù rẹ̀.
Ẹni tí a ní láti máa kẹ́,
Tí òun náà ń kẹ́ igi oko."

Omi yọ lójú Hameedat, ó sì fi ẹ̀rín bò ó. "Ẹnu rẹ dùn. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ṣé wàá lè kì mí báyìí níwájú àwọn bàbá rẹ?"

"Níwájú gbogbo Kàdúná."

"Wallahi?"

"Wallahi."

Hàúwà tó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan ṣe àmín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994 ni Hameedat ronú kan ààlè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé mọ̀ ọ́n: ègé aṣọ tàbí ṣùkù àgbàdo tí èèyàn so mọ́ igi ìdáná tó kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹni tí ń kọjá lè mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Kò sí ọlọ́dẹ níbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí ààlè tó sì fọwọ́ kan ẹrù, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ lólè. Ìyá àgbà Hameedat máa ń so ó ní Ògbómọ̀ṣọ́, igi rẹ̀ kò sì dín rí. Hameedat ní bí ìwé tí òun ń kọ kò bá dá agégi dúró, bóyá ohun tí wọ́n bí wọn bá nílé yóò dá wọn dúró. Aṣọ ló kù.

Ọládàpọ̀ ní kó fi ti aṣọ sílẹ̀ fún òun. Nílé iṣẹ́ wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ aṣọ búlúù kan tó ní àwòrán lékeléke funfun, kò tíì dé ọjà kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí àjákù rẹ̀. Ó fún ìyá rẹ̀ ní èyí tó tóbi nínú rẹ̀, ìyẹn fi ró ìró. Ó di ìyókù sínú àpò, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀, Alhaji Ògúntádé, wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́. Ó ní òun ni wọ́n ta gbogbo ọ̀gánwó ẹ̀gbẹ́ títì náà fún, láti orí igi àkọ́kọ́ dé orí igi ìkẹyìn.

Ọkàn Ọládàpọ̀ fò lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òun bá sọ fún Hameedat, ṣé yóò tún fẹ́ wọ ilé ẹni tó fẹ́ gé ọmọ rẹ̀ igba ó lé mẹ́rìnlá? Bí òun bá sọ fún bàbá, ṣé bàbá kò ní ní kí òun lọ wá ìyàwó mìíràn? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá fi ọ̀rọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ní ta ni yóò wo àkísà lára igi. Ó ní bí ó bá yá, òun óò sọ ọ́. Ó gbé àpò aṣọ náà fún Hameedat, ó gba ọpẹ́ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Lásìkò yìí, Ọládàpọ̀ ti sọ nílé pé òun ti rí ìyàwó, alárinà sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Túndùn ni, obìnrin Ọ̀yọ́ tí kò sí ilé tí kò mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ní Kawo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wádìí ìdílé ọmọbìnrin kí ọkọ tó dá obì lé wọn lọ́wọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá jókòó síwájú Alhaji, ó ní ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀, olè kò sí níbẹ̀, wọ́n ń kírun, ìyá rẹ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù kì í jà ládùúgbò.

"Ṣùgbọ́n, Alhaji, ọmọ yẹn fẹ́ràn igi."

"Igi oúnjẹ àbí igi kí ni?"

"Igi ṣáá ni. Òun ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò. Òun ni ìyàwó igi."

Alhaji fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó ní bó bá wọ ilé onípákó tán, yóò rí i pé ara igi la ti ń jẹun, ara rẹ̀ á balẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù náà pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ní kó jọ̀wọ́ kó pa ẹnu mọ́ títí yóò fi wọlé ọkọ. Hameedat gbà. Oṣù kan gbáko, kò gun àpótí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àìkú náà, Hàúwà ránṣẹ́ sí i pé wọ́n ti já ayùn ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lẹ́bàá títì, pé àárọ̀ ọ̀la ni wọn óò bẹ̀rẹ̀. Hameedat wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo àpò aṣọ. Bí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, òun àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà so aṣọ búlúù mọ́ igi igba ó lé mẹ́rìnlá.

Àwọn agégi dé, ọmọ Ọ̀yọ́ mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ rí aṣọ náà, ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní ààlè ni, òun kò ní í fọwọ́ ara òun pe ara òun lólè nílẹ̀ àjèjì. Èrò pé lé wọn lórí. Àwọn Haúsá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé àkísà lé ọkùnrin mẹ́rin. Àwọn Yorùbá kò rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti yí gbogbo Kawo po: ọmọ tí Alhaji Ògúntádé fẹ́ fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ti fi ààlè lé e, ó ti pè é lólè lójú ọjà. Àwọn tó ń pe Hameedat ní wèrè tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní aláfojúdi; àwọn ọlọ́jà kan ń rọra sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹnu wọn kò ròkè.

Ọládàpọ̀ kò lè lọ rí i, Wúlẹ̀mọ̀tù sì ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé kí ariwo ọjà má bàa dé etí rẹ̀. Ó kàn ń gbàdúrà kí ọjọ́ Àìkú má dé. Ó dé.

Alhaji lọ. Gbogbo èèyàn rò pé kò ní í lọ, ṣùgbọ́n ó wọ agbádá rẹ̀, ó mú Àdíját àti ọmọ rẹ̀ àti Ìyá Túndùn, ó gbé obì dání. Àbdùlkàrímù tẹ́ ẹní fún wọn, ààfáà ṣí àdúrà. Lẹ́yìn àmín, Alhaji ní kí wọ́n pe ọmọ náà jáde. Hameedat kúnlẹ̀ láàárín yàrá, ìborùn funfun lórí rẹ̀. Alhaji ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó fa ègé aṣọ búlúù kan yọ. Ara igi Hàúwà ló ti tú u.

"Ìwọ lo so èyí mọ́ igi?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ pé èmi ni mo ra àwọn igi náà?"

Hameedat gbé orí sókè. Ó wo Ọládàpọ̀, ojú ìyẹn wà lórí ẹní. Nígbà náà ló yé ọmọbìnrin náà pé ẹni tó kó aṣọ fún òun ti mọ̀ tipẹ́.

"N kò mọ̀, sà," ló sọ jẹ́jẹ́. "Bí mo bá mọ̀, ǹ bá kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín kí n tó so ó."

"Ṣé bí o bá mọ̀, o ò ní í so ó?"

"Màá so ó, sà. Àmọ́ màá kọ́kọ́ bẹ̀ yín."

Wúlẹ̀mọ̀tù bú sẹ́kún. Ìyá Túndùn kùn, ó ní ọmọ òde òní. Alhaji kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó na aṣọ náà, ó yí i wò níwá-lẹ́yìn, lékeléke funfun ń fò lójú gbogbo wọn.

"Ta ló fún ọ ní aṣọ yìí?"

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè kékeré ni. Hameedat yíjú sí Ọládàpọ̀, ó sì ń retí. Ojú rẹ̀ kò bínú. Ó dàbí ojú ẹni tó wà létí odò tó na ọwọ́ kí a fà á gòkè. Ọládàpọ̀ mọ̀ pé òun ló kàn. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà: èmi ni, sà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó dé ọ̀fun rẹ̀, ó dé eyín rẹ̀. Ó ronú kan ojú bàbá rẹ̀, ó ronú kan ẹ̀rín àwọn ará ọjà, pé ọmọ bíbí inú Alhaji ló kó ààlè fún obìnrin kó fi lé bàbá rẹ̀. Ó rí okùn kan tó yọ létí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka yí i.

Hameedat dúró dè é títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó yíjú padà.

"Èmi ni mo rà á, sà. Lọ́jà."

Alhaji tẹjú mọ́ ọmọkùnrin rẹ̀. "Ọládàpọ̀, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé o ní ohun tí o fẹ́ sọ sí i?"

"Rárá, sà."

Alhaji ká aṣọ náà, ó fi sápò, ó dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ó ní kí obì náà máa jẹ́ ti àlejò ṣíṣe lásán, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí.

Ó gba agégi mìíràn tí kò mọ ààlè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbẹ́ títì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igi Hàúwà nìkan ló kù. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí.

Ìyá Túndùn lọ bẹ Hameedat lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà láti rí Ọládàpọ̀. Abẹ́ igi yẹn náà ni. Hàúwà gbé àpótí méjì kalẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò ṣẹ̀fẹ̀. Ọládàpọ̀ sunkún, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, ó ní kí àwọn méjèèjì sá lọ sí Ìlọrin, òun kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni mọ́. Hameedat gbọ́ ọ tán.

"Bùọ̀dá Dàpọ̀," ló wí, "ẹ nu ojú yín."

Bí ó ti pè é ní Bùọ̀dá yẹn, ọkùnrin náà mọ̀ pé ilé ti wó.

"Nígbà tí àwọn ọmọdé ń pè mí ní wèrè, kò dùn mí. Nígbà tí àwọn awakọ̀ ń fun fèrè, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo Kàdúná lè máa bú mi, mo ti gbà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ sì wà níbẹ̀."

"Àníkẹ́, ṣé o ò lè dárí jì mí ni?"

"Mo ti dárí jì yín. Ọjọ́ yẹn náà ni. Mo kàn ń bi ara mi pé, bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá dé lọ́la, ṣé èmi náà ni màá tún purọ́?"

Ó dìde, ó san owó kóósè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, ó kí Hàúwà pé ó dàbọ̀. Ọládàpọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí oòrùn fi gbé e mì, nítorí kò sí òjìji kankan mọ́ lọ́nà náà tó lè gbà.

Hameedat gba iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan lókè Kàtsínà, níbi tí iyanrìn ti ń wọ ojú fèrèsé. Ní ọdún 1996, a gbọ́ pé ó ti fẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, pé àwọn méjèèjì ń kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde lọ gbin igi. Ìyá Túndùn mú ìyàwó mẹ́rin wá fi han Ọládàpọ̀. Kò rí ẹ̀bi lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹta ọdún 1998, ooru tó mú kọjá èyí tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Ẹsẹ̀ kan ti rọ mọ́ Alhaji lábẹ́, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀, bàbá ní òun kò lè mí, kí ó jọ̀wọ́ kó wá ibi tútù. Ọládàpọ̀ wo títì síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ibì kan ṣoṣo ló wà.

Hàúwà ti hu ewú. Ó gbé àpótí fún Alhaji, ó bu omi fún un. Atẹ́gùn díẹ̀ ń fẹ́ lábẹ́ igi náà. Ọládàpọ̀ fọwọ́ ti ara igi, nǹkan rírọ̀ kan sì kan ìka rẹ̀. Aṣọ búlúù ni. Èèpo igi ti hù bò ó, etí rẹ̀ àti apá lékeléke kan ló kù níta. Ó ní kò lè jẹ́ aṣọ ọjọ́ náà. Ojú òun kọ́ ni bàbá ṣe fa ti igi yìí yọ nínú agbádá?

"Ta ló so ó padà?" ló bi Hàúwà.

"Alhaji ne," ni Hàúwà wí, ó ń yí kóósè nínú epo. Ó ní Alhaji ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tó sì lọ láìra nǹkan.

Ọládàpọ̀ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà wá jáde, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo fún un ní aṣọ."

"Mo mọ̀," ni Alhaji wí. "Ìyá rẹ ń ró èkejì rẹ̀ nínú ilé mi."

"Bàbá, kí ló wá dé tí ẹ fi bi í?"

Bàbá náà gbé omi Hàúwà sílẹ̀. Ó ní inú bí òun lọ́jọ́ náà, òun kò ní í purọ́, ẹ̀tẹ́ ọjà kì í ṣe ohun kékeré. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bi, Ọládàpọ̀. Mo gbé obì lọ. Bí o bá là á lẹ́nu pé ìwọ ni, ǹ bá bú ọ, ǹ bá sì gbé obì náà kalẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ purọ́ láti bò ọ́ láṣìírí, o jókòó, o jẹ́ kó purọ́. Mo wá wò ó pé, ta ni n óò fi ọmọ yìí lé lọ́wọ́?"

Ó ní ti àwọn igi tí òun gé, òun jẹ̀bi. Igi kan ni òun lè dá padà, òun sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ó pa ojú dé, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ.

Ọládàpọ̀ dìde. Ó di etí aṣọ náà mú, ó rọra fà á. Kò bọ́. Igi ti gbé e mì. Ó gbé iwájú orí lé èèpo igi, ẹnu rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè débi tí àwọn tó ń lọ lójú títì fi gbọ́:

"Àníkẹ́ mi, adúmáradán,
Ọmọ tí í fi òjìji ṣe aṣọ ìbora..."

Àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ láti ilé kéwú dúró wò ó. Ọ̀kan pàtẹ́wọ́, èkejì gbè é, ni gbogbo wọn bá ń pè é ní mahaukaci. Kò wẹ̀yìn. Ó ki Àníkẹ́ dópin.